Bọ́tìnnì Tí Ó Rántí

"Ojú ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ò lè rí ọfà kékeré yẹn," ni Nengi wí. "Wọn ò ní rí i tẹ̀ láéláé."

Doyinsọ́lá gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Òun àti Nengi nìkan ló kù nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn ní Woji lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ti nu eérú dúdú tó máa ń bọ́ láti ojú ọ̀run Port Harcourt kúrò lórí tábìlì, ó sì tún ti ń bà lé e.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ló gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Ayẹyẹ ìdágbére àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá, tí àwọn méjèèjì wà nínú wọn, ti ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí yóò máa gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan sára ògiri gbọ̀ngàn, kí àwọn òbí lè rí i. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ náà sì wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan tí ọmọ kan ní ju ẹyọ kan lọ: àwòrán ìgbà èwe rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ tí wọ́n ká sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so mẹ́nù mọ́ abẹ́ bọ́tìnnì. Tí èèyàn bá tẹ ọfà kékeré tó wà létí rẹ̀, mẹ́nù á já bọ́ sísàlẹ̀, èèyàn á sì mú èyí tó bá wù ú. Ohun tí wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí ni ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá tẹ ojú bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, tí kò fọwọ́ kan ọfà rárá.

"Jẹ́ kó máa rántí," ni Nengi wí. "Ohun tí a bá mú gbẹ̀yìn nínú mẹ́nù, òun náà ni kó ṣí nígbà tí wọ́n bá tẹ ojú rẹ̀. Àwa á ti mú èyí tó yẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ náà, kí ọ̀gá àgbà ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Wọn ò ní máa wá nǹkan kan lójú gbogbo èèyàn."

"Ìwọ náà ro gbogbo ìyẹn?"

"Ojú màmá mi náà ò ríran dáadáa. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára wọn tí wọ́n bá ń wá nǹkan lójú fóònù, tí àwọn èèyàn ń dúró dè wọ́n."

Nengi ló kọ ọ́, Doyin ló dán an wò. Ó tẹ ọfà, ó mú àwòrán ara rẹ̀, ó ti ètò náà pa, ó tún un ṣí, ó wá tẹ ojú bọ́tìnnì. Àwòrán náà jáde. Bọ́tìnnì rántí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tí Nengi jẹ́ fún yín. Ọmọ Kalabari ni. Ilé ìyá rẹ̀ àti ilé àwọn Doyin wà nínú ọgbà kan náà, láti ìgbà tí ìjọba ti gbé bàbá Doyin, tó jẹ́ aṣọ́bodè, wá sí èbúté Onne. Ìyá Nengi ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Trans-Amadi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà ilé àwọn Doyin ni ọmọ náà ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Yorùbá tó gbọ́ níbẹ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀ ju ti Doyin lọ, torí Doyin, Píjìnì ló fi ń lá àlá. Ìyá Doyin a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Èyí tí mo bí ń sọ 'How far' fún mi, èyí tí mi ò bí ń kúnlẹ̀ kí mi." Doyin a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún, kò kàn sọ ọ́ ni.

Nengi ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tí ìrora rẹ̀ bá dé, á wọ inú egungun, ọmọ náà á sì máa yí nílẹ̀. Ní ilé ìwé tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Òkú-Ọ̀la. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwé tuntun yìí, ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ nínú àwọn ọmọ ni Doyin. Nengi dì í lọ́wọ́ mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Doyin sì fi orúkọ Ọlọ́run búra.

Nígbà ọyẹ́, ìrora náà dé bá Nengi nínú pálọ̀ àwọn Doyin. Ìyá Doyin ń fi aṣọ tó rẹ sínú omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀, ọmọ náà ń ké pé, "Màmá Doyin, ẹ gé ẹsẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e kúrò." Wọ́n pe ìyá Nengi títí, kò gbé fóònù. Doyin bá ká ohùn náà sílẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sí i, kí obìnrin náà lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e. Aládùúgbò kan fi mọ́tò gbé Nengi lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ balẹ̀, ohùn náà sì kù sínú fóònù. Títí dé ibẹ̀ yẹn, Doyin ò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ìyanu ló wá kàn báyìí. Old GRA ni ilé wọn, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní báńkì, dírẹ́bà ló sì ń gbé e wá sí ilé ìwé. Òun àti Mùbárákù, ọmọ ọlọ́pàá, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn, ló ni abẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kò sí òfin tó ní kí ẹlòmíì má jókòó síbẹ̀. Ẹnu Ìyanu ni òfin. Láti ọjọ́ tí Doyin ti wọ ilé ìwé náà ni abẹ́ igi yẹn ti ń wù ú, ó ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn bí ebi ṣe ń mú kí èèyàn máa wo ìkòkò.

Lọ́jọ́ kan, Ìyanu na ọwọ́ pè é. "Doyin, wá jókòó jàre. Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, kí ló dé tó máa ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn? Mùbárákù ní oyún ló fi ń bò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Doyin jókòó.

"Kì í ṣe oyún," ó wí.

"Kí wá ni?"

Wọ́n kọjú sí i, gbogbo wọn. Òun nìkan ni wọ́n ń wò, ó sì dùn mọ́ ọn. Àyè wà fún un láti sọ pé òtútù ni, kó sì dìde lọ. Fóònù ló fà yọ.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe Nengi tó wà nínú rẹ̀, Mùbárákù dojú bolẹ̀, ẹ̀rín ń pa á. Ìyanu fara ti èjìká Doyin, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ó ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun. Abeg, tún un gbé." Doyin tún un gbé. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun náà ti ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹ̀rín tirẹ̀ ló ń dún jù lábẹ́ igi.

"Orin Nengi nìyí o," ni Ìyanu wí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohùn náà bẹ́ẹ̀. "Fi sínú mẹ́nù rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín yẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwa nìkan la máa mọ̀ pó wà níbẹ̀. Tí ayẹyẹ bá ku ọ̀la, yọ ọ́ kúrò. Wetin dey there?"

Ọjọ́ tí Nengi lọ gba oògùn ní ọsibítù ni Doyin fi í sí i. Ó kọ Orin Nengi sí i lórí, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ àwòrán, sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìdágbére, sábẹ́ ohùn. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá lu aago ìsinmi, tí Nengi bá wà ní ilé ìkàwé, Doyin á ṣílẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà fún àwọn èèyàn rẹ̀ tuntun. Wọ́n á tẹ ọfà, mẹ́nù á já bọ́, wọ́n á mú ti ìsàlẹ̀, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Nengi bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ìdí tí kì í fi í jẹun pẹ̀lú òun mọ́. Doyin ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù.

Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀la, Doyin lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà láti lọ yọ ọ́. Òótọ́ ni, ó lọ. Ìyanu tẹ̀ lé e.

"Jẹ́ ká gbọ́ ọ nígbà ìkẹyìn," ni Ìyanu wí. Ó tẹ ọfà, ó mú Orin Nengi, wọ́n gbọ́ ọ. Bí ó ṣe parí ni mọ́tò fọn fèrè níta. "Dírẹ́bà dé. Ṣé o ń bá mi lọ sílé àbí o ò bá mi lọ? Mo fẹ́ kí o yan bàtà kan nínú tèmi tí o máa wọ̀ lọ́la."

Doyin ò tíì dé Old GRA rí. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á tètè dé láàárọ̀ ọ̀la, òun á yọ ọ́ nígbà náà. Ó pa iná. Ìgbà tí wọ́n ti lọ tán ni Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá wọlé, tó da gbogbo ètò náà sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Láàárọ̀, Doyin bá olùkọ́ náà lórí pèpéle gbọ̀ngàn, ó ń so wáyà mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ètò wọn ti wà lójú rẹ̀.

"Sà," ó wí.

"Kí ló dé, Doyinsọ́lá?"

Láti orí àga, Ìyanu ń wò ó. Bàtà Ìyanu wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tó bá ní kí olùkọ́ jẹ́ kí òun yọ nǹkan kan, olùkọ́ á bi í pé kí ni nǹkan náà.

"Kò sí nǹkan, sà. Mo ní kí n kí yín ni."

"O ṣeun. Ẹ̀yin méjèèjì ṣe iṣẹ́ gidi. Lọ jókòó."

Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyanu. Ó ń tu ara rẹ̀ nínú. Ta ni yóò tẹ ọfà? Ta ni yóò wo ìsàlẹ̀ mẹ́nù? Nengi wọlé, ó wọ aṣọ búlúù tuntun, ó juwọ́ sí i, ó lọ jókòó síwájú. Ìyá Nengi àti ìyá Doyin jókòó pọ̀ nínú àwọn òbí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀gá àgbà bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó gbé ojú sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí lẹ́tà wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ó kan Doyinsọ́lá, àwòrán rẹ̀ hàn lára ògiri, ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó kan Ìyanu. Ohùn Ìyanu dún, ohùn tí òun fúnra rẹ̀ mú nínú mẹ́nù gbẹ̀yìn torí ó ní àwòrán òun ò dára tó.

Ìgbà náà ló yé Doyin. Ọ̀gá àgbà ò ní fọwọ́ kan ọfà. Kò nílò rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá mú gbẹ̀yìn ni bọ́tìnnì ń ṣí.

Ọ̀gá àgbà tẹ Kíkẹ́. Doyin tẹ ẹnu mọ́ etí Ìyanu. "Òun ló máa ṣí. Orin yẹn. Ìwọ lo mú un gbẹ̀yìn."

Ojú Ìyanu yí padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé itan Doyin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Jókòó. Tó o bá dìde báyìí, wọ́n á mọ̀ pé ìwọ ni. Tó o bá jókòó, ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀gá àgbà tẹ Motọ́lání. Olùkọ́ wà lórí pèpéle, tó bá pè é, á gbọ́. Ọ̀gá àgbà tẹ Mùbárákù, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ hàn, gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ nílẹ̀. Àyè wà. Doyin jókòó.

Ọ̀gá àgbà tẹ Nengi.

ORIN NENGI, bẹ́ẹ̀ ni ògiri kọ ọ́, gàdàgbà-gàdàgbà. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín músẹ́ torí wọ́n rò pé ọmọ náà fẹ́ kọrin. Ìyá Nengi gbé fóònù sókè kó lè ká orin ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Igbe ló jáde. "Màmá Doyin, ẹ gé ẹsẹ̀ mi." Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé òrùlé. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e kúrò." Ọ̀gá àgbà fẹ́ pa á, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, igbe náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù ìyá Nengi ṣì wà lókè. Ó ṣì ń ká a.

Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá sáré débẹ̀, ó fa wáyà yọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀. Ohùn náà ti dé òpin, gbogbo gbọ̀ngàn sì ti gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ pé, "Doyin, fi fóònù yẹn sílẹ̀, wá bá mi gbé omi."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ìyanu fa àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nengi dìde. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń rìn, ó gba àárín àga lọ síta, kò wo ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e. Ìyá Doyin náà dìde. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí, ó dúró.

"Ohùn mi lo fi ṣe é," ó wí. "Nínú pálọ̀ mi."

Ó jáde.

Lọ́ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, Ìyanu ní òun ò mọ nǹkan kan, ó ní ṣé fóònù òun ni? Mùbárákù ní òun ò sí níbẹ̀ rí. Dírẹ́bà gbé Ìyanu lọ sílé, ṣùgbọ́n Ìyanu kọ́kọ́ gba bàtà rẹ̀. Doyin fi ìbọ̀sẹ̀ rìn dé ilé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tún wọ ọgbà ilé ìwé mọ́, àfi tó bá fẹ́ wá ṣe ìdánwò. Ìyẹn gan-an kọ́ ni ìyà. Ìyà náà ni pé ìrora dé bá Nengi lọ́jọ́ yẹn, irú rẹ̀ ò dé bá a rí, ọsibítù ló sì wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Kò kọ ẹyọ kan níbẹ̀.

Ìyá Doyin mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ìyá Nengi dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó na ọwọ́ dí i. "My pikin dey chop for una house," ó wí fún Doyin. "You sabi how my pikin dey cry, na im you carry make music." Doyin wólẹ̀. Láti inú yàrá, Nengi ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé.

Ó ti rù. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́, omi ń kán sí i lára. Doyin kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní Ìyanu ló ní kí òun ṣe é. Nengi jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Nígbà tí o ń ká ohùn mi sílẹ̀, kí ni o fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ ni. Wọn ò gbé fóònù."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ Mùbárákù ńkọ́? Ṣé o ti mọ̀ pé òun ló máa ṣí?"

Doyin lè purọ́. Kò purọ́. "Mo ti mọ̀."

"O sì jókòó."

"Mo jókòó."

Nengi yí ojú sí ògiri. Doyin kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní kó dìde. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Nengi kó ẹrù, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Buguma lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Wọn ò dágbére fún àwọn Doyin. Ìyá Doyin ṣì máa ń bu oúnjẹ sílẹ̀ fún Nengi nígbà mìíràn, tó bá gbàgbé. Tó bá rántí, á dà á padà sínú ìkòkò, kò sì ní bá Doyin sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ Doyin, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín. Ìrora tí ọ̀rẹ́ rẹ jẹ́ kí o rí, ó fi pa mọ́ sọ́wọ́ rẹ ni, kì í ṣe tìrẹ láti fi ra ìjókòó lábẹ́ igi ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bá ọ rẹ́rìn-ín á bá mọ́tò wọn lọ sílé, orúkọ rẹ nìkan ni gbọ̀ngàn á gbọ́. Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ pé o ti ṣe ibi, tí orúkọ kan ṣoṣo ṣì kù kí wọ́n tó kan ẹni tí o ṣe é sí, dìde. Pariwo bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ayé sì mọ̀ pé ìwọ ni. Doyinsọ́lá rí àyè láti dìde, ó sì jókòó.